Wísíkì Jàpáàn Tí Mo Gbé Mì

Ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé pé bàbá mi ti kú, mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Mo to páálí bíà léra títí di ọ̀sán, mo jẹ búrẹ́dì tí mo dì wá láti ilé, mo tún to òmíràn. Oníbàárà kan bi mí pé báwo ni nǹkan, mo ní dáadáa ni. Mi ò purọ́ fún un. Mo ti wo inú ara mi títí, mi ò rí ibi tó ń dùn mí.

Àbúrò mi Káyọ̀dé ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí fóònù nílé wa. Bàbá oníkẹ́míìsì tó dojú kọ ilé wa ló ní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò ti máa ń gba ìpè láti òkè òkun. Káyọ̀dé ní kí n jókòó. Mo ní mo ti jókòó, bẹ́ẹ̀ ìdúró ni mo wà nídìí sítóòfù, mò ń wo omi tó fẹ́ hó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti lọ o." Mo bi í pé níbo. Ẹkún ló fi dá mi lóhùn, ìyá mi sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ti sọ fún ọ?"

"Ó ti sọ, mà. Ẹ kú arafẹ́rakù, mà."

Ariwo wáyà nìkan ni mò ń gbọ́.

"Arafẹ́rakù? Èmi lo ń kí bẹ́ẹ̀? Ta ló kú fún mi tí kò kú fún ìwọ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ẹkún rẹ dà?"

"Màá sun ún, mà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ fọ abọ́ tó ní òun ń bọ̀.

Mi ò lè lọ sin ín. Ìwé tí màá fi máa gbé Amẹ́ríkà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, lọ́yà tó ń bá mi ṣe é sì ti sọ pé bí mo bá fi lè jáde, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún àwọn ará ilé, wọ́n ní ó yé àwọn. Bẹ́ẹ̀ àwa náà la máa ń sọ pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi ni àkọ́bí. Káyọ̀dé bu eèpẹ̀ sí ibojì fún ara rẹ̀, ó tún bu òmíràn ní orúkọ mi. Ó ní àwọn àgbà ìjọ sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àgbà ìjọ Aládùúrà ni bàbá mi, àwọn aláṣọ funfun. Ọtí ò wọ ilé wa rí, ìbáà ṣe ẹmu, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Àlejò tó bá gbé ìgò dání, ẹnu ọ̀nà ló máa fi í sílẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti mú un nígbà tó bá ń lọ. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù ọtí ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston. Nígbà tí Bàbá wà láyé, mo sọ fún un pé mò ń bá òyìnbó kan tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò béèrè ohun tí à ń tà, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run bùkún ọjà náà. Ọlọ́run sì bùkún un lóòótọ́, nítorí pé nígbà tí owó epo já wálẹ̀ tí gbogbo ìlú fajú ro, ọtí nìkan ló ń tà.

Kì í ṣe tìtorí ọtí ni mo ṣe wá. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni mo kà, iṣẹ́ epo ni mo sì ń fojú sọ́nà fún. Ìgbà tí mo gbàwé ẹ̀rí tán ni iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ ń kó ẹrù wọn jáde ní ọ́fíìsì, ta ni yóò wá gba tuntun? Bùrọ̀dá Wálé, tí èmi àti wọn jọ ń gbé, ẹnjiníà ni wọ́n, takisí ni wọ́n sì ń wà láti pápákọ̀ òfuurufú tó wà lọ́nà Humble. Apartment tí à ń gbé, ìdajì rẹ̀ ló ṣófo. Onílé bẹ̀ wá kí a gbé oṣù díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí a má baà kó jáde. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, pé onílé ń bẹ ayálégbé.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní ìlú náà ni pé èèyàn kì í fẹsẹ̀ rìn. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo ń rìn lọ lẹ́bàá títì ní àdúgbò Spring láti lọ ra ìrẹsì, ọlọ́pàá dúró, ó bi mí pé ibo ni ọkọ̀ mi ti bàjẹ́. Mo ní mi ò ní ọkọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní mi ò ní orí. Ó gbé mi lọ, ó dúró dè mí, ó tún gbé mi padà sílé, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Òtútù ló tẹ̀ lé e. Ìta á máa hó bí ìkòkò, ẹ̀rọ amúlétutù á sì mú inú ilé tutù débi pé súwẹ́tà ni mò ń kó kiri nínú oòrùn. Ó pẹ́ kí ara mi tó mọ èyí tó yẹ kó gbọ́ nínú méjèèjì. Nígbà tó yá, kò gbọ́ èyíkéyìí mọ́.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Earl. Ará Texas ni, ó ti dàgbà, akẹtẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí bí ó tilẹ̀ wà nínú ilé. Gbogbo ẹni tó ti bá a ṣiṣẹ́ ṣáájú mi ló mu nínú ọjà. Ó bi mí bóyá mo máa ń mutí, mo ní ọmọ Aládùúrà ni mí. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn nínú. Ohun tó wá di iṣẹ́ mi gan-an, ṣèèṣì ló fi bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan gbé wísíkì tuntun wá fún Earl kó tọ́ ọ wò, òtútù sì ti dí Earl nímú. Ó ní kí n fi sẹ́nu kí n tu ú dà nù, kí n sọ bó ṣe rí. Mo yí i lẹ́nu, mo tu ú sínú ife. Mo ní ó jọ ìdí ìkòkò ògì tó jóná díẹ̀, àti àgbàdo sísun tí iyọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Earl rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sórí káàdì kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹpẹ níbi tí ìgò náà wà. Ìgò náà tà.

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń tọ́ ọtí wò ní ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ni, kí a tó ṣílẹ̀kùn, kí ẹnu mi tó kan oúnjẹ. Kì í ṣe idán. Ògì ni ìyá mi ń tà nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ló sì máa ń ní kó tọ́ ọ wò bóyá ó ti kan tó. Mi ò gbé ẹ̀kán ọtí kan mì rí. Ìdájọ́ tí mo ṣe fún ara mi ni pé ẹni tí kò gbé e mì kò mu ún.

Ẹnu mi kú láti ọjọ́ tí Káyọ̀dé pè. Mi ò tètè mọ̀. Bùrọ̀dá Wálé ló rí i. Wọ́n se ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ata inú rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, àwọn fúnra wọn ń fọn imú sínú áńkáṣíìfù. Èmi jẹ tèmi, mo sì lá àwo.

"Àbúrò, you no dey feel this pepper?"

"Ó dáa, sà."

"Ó dáa kẹ̀? Èmi tí mo sè é ń sunkún. Ìwọ tí bàbá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ojú ẹ gbẹ korokoro. Something dey do you o. Lọ rí doctor."

Mi ò lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún dókítà? Pé kò sí ibi tó ń dùn mí?

Àwọn ará ìjọ wa ní Houston wá kí mi pẹ̀lú ìrẹsì àti adìẹ díndín. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, mo ṣe àmín níbi tó yẹ. Ìyá kan nínú wọn dì mí mú, ó ní kí n tú u jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ó fi fi mí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fọ gbogbo abọ́.

Mo rò ó nígbà náà, mo ṣì ń rò ó. Nílé, èèyàn kì í dá ẹkún sun. Bí obìnrin kan bá ti dé ẹnu ọ̀nà tó ké, tí èkejì sì gbè é, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ òkú á bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á fà ọ́ lọ, bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ kékeré lọ́wọ́ sọdá títì. Ní Houston, ẹni tó wà ní òdìkejì ògiri mi kò mọ orúkọ mi. Bí mo bá ké, ọlọ́pàá ni yóò pè. Bàbá mi kú nílé níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n, ikú rẹ̀ wá kù sí èmi nìkan lọ́wọ́ ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Mi ò sí nílé kí n bá wọn pín in. Mo wà ní Houston lóòótọ́, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń san owó iná, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè pé ta ló ń gbé inú mi, mi ò lè sọ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé, nítorí pé òfin Texas kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ọtí ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ìyá mi á béèrè àlàáfíà mi, á béèrè Bùrọ̀dá Wálé, lẹ́yìn náà á rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé o ti sun ún?"

"Kò tíì, mà."

"Wọ́n ń bi mí o. Wọ́n ń bi mí pé báwo ni àkọ́bí Bàbá ṣe gbà á. Kí ni kí n wí? Ṣé kí n ní ó gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ bí ẹni gbọ́ ìròyìn rédíò?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ó dùn mí, mà."

"Ṣé ó dùn ọ́?"

Ìyá mi ò bínú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti ka ọkọ rẹ̀ mọ́ òkú, ó wá jọ pé ó fẹ́ ka èmi náà mọ́ ọn. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ mi kò ju omijé lọ, ẹni tí kò tilẹ̀ ní nǹkan kan láyé ní i. Èmi ò ní.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò sọ fún Earl pé bàbá mi kú, mi ò sì sọ fún un pé ahọ́n mi ti kú. Ọkùnrin kan gbé wáìnì wá, mo fi sẹ́nu, omi ni mo gbọ́. Mo ní ó dára. Wáìnì náà ti kan bí ògì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà wá, àwọn mìíràn pẹ̀lú èébú. Earl kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan." Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Lásìkò yẹn, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó mọ̀wé jù mí lọ ń wá iṣẹ́ agbálẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan tó kù náà ni wísíkì Jàpáàn. Àwọn ẹnjiníà Jàpáàn tó ń gbé ní The Woodlands máa ń yà wá béèrè rẹ̀, Earl á sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. "Wọ́n ti ta rédíò fún wa, wọ́n ti ta mọ́tò fún wa, ó wá ku wísíkì!" Ṣùgbọ́n ó mọ ọjà. Ó ránṣẹ́ sí aṣojú ilé iṣẹ́ tó ń kó o wọlé, ó sì sọ fún mi lójúkojú pé bí mo bá ní ó dára, òun á ra púpọ̀. Bí ó bá wá rí bíi wáìnì ọjọ́sí, òun á wá ẹlòmíràn tó ní ahọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Hayama ni aṣojú náà ń jẹ́. Ó dé láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré, ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Earl na ọwọ́ sí i. Kí ó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tẹrí ba fún Earl. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó tẹrí ba fún èmi náà. Àgbàlagbà tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí! Ara mi ò gbà á. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì láàárín páálí bíà.

Earl ní, "Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní kò sí nǹkan, sà. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi.

A lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ife mẹ́ta wà lórí tábìlì, pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tí mo máa ń tu ọtí sí. Ọ̀gbẹ́ni Hayama ṣàlàyé pé wísíkì àpòpọ̀ ni, pé àgbá oríṣiríṣi ni wọ́n ti mú un, tí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ sì pò wọ́n títí wọ́n fi di ọ̀kan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti oyin tí wọ́n fi omi là. Earl ní kí n dà á. Mo da ti àlejò ṣáájú. Mo gbé ife rẹ̀, mo mu díẹ̀ nínú rẹ̀, mo gbé e mì, mo wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún un.

Ojú Earl pọ́n. "Kí lo ń ṣe yìí? Ife ọkùnrin yẹn lo mu!"

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Nílé wa, ẹni tó bá gbé omi fún àlejò ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí ìkà nínú rẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ọwọ́ tó ti ń gbé omi fún àgbà láti kékeré kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ omi sí ọtí. Èèyàn ò sì lè tu irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ dà nù lójú àlejò, àfi bí ó bá mọ ohun tó fi síbẹ̀. Bí mo ṣe gbé ọtí mì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn, nítorí ìwà ọmọlúàbí.

Ọ̀gbẹ́ni Hayama gbé ọwọ́ sókè sí Earl. Ó bi mí pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ pé kí ló dé.

"Kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀, sà."

Ó wo ìgò, ó wò mí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e wá."

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ariwo, èjìká rẹ̀ ló ń mì. Ó mu nínú ife náà. Ó wá gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó ní ní ìlú tòun, ẹnì kan kì í da ọtí fún ara rẹ̀, ó sì da tèmi fún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo la ẹnu láti dúpẹ́, èémí jáde nímú mi, ohun tí mo gbé mì sì tẹ̀ lé e.

Ó kọ́kọ́ gbóná lásán. Oyin díẹ̀ tẹ̀ lé e, oyin tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Mo dúró. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti lórúkọ lẹ́nu mi. Igi ló kàn, igi gbígbẹ, igi àpótí àgbà. Ẹ̀yìn igi náà ni tùràrí wà.

Mi ò ṣì í gbọ́. Tùràrí ni. Bàbá mi á wọ sùtánà funfun, á bọ́ bàtà, á di ẹ̀wọ̀n àwo tùràrí mú, á fi í yí gbogbo yàrá ká, á dé ibi tí a ti ń sùn, a ó máa wúkọ́ lábẹ́ aṣọ ìbora, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Èéfín náà kì í kúrò lára rẹ̀. Ó wà nínú aṣọ rẹ̀, ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, òórùn yẹn ni mo gbé dé inú bàálù. Gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń yá ní Houston, onílé ò gbà kí a dáná sun ohunkóhun nínú rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ òórùn náà láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, àfi ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọtí, nínú ohun tí Bàbá kò ní jẹ́ kó wọ ẹnu ọ̀nà.

Earl ní, "Ó dára àbí kò dára?"

Mo fẹ́ sọ pé ó dára. Ohun tí mo gbọ́ pé mo sọ ni, "Bàbá mi ti kú."

"Nígbà wo?"

Mo sọ fún un. Earl bọ́ akẹtẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí orí rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà, ó ti pá.

"O sì ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Hayama gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo gbọ́ nínú ọtí náà fún un, ọ̀rọ̀ ń ta kókó mọ́ mi lẹ́nu. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní igi kan tó ń hù ní ìlú àwọn ni wọ́n fi ṣe díẹ̀ nínú àgbá náà, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé ó ń rán àwọn létí ilé ìsìn. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé itan, ó tẹrí ba fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì tètè gbé orí sókè. Ó yé mi pé ó ń kí mi kú arafẹ́rakù.

Omi já bọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi. Mo rò pé ife ló ń jò. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó wá dùn mí. Ó dùn mí nínú àyà, ó dùn mí nínú ọ̀fun, ó dùn mí dé inú ìka ẹsẹ̀. Bàbá mi ti kú, mi ò ní rí i mọ́ láéláé, wọ́n ti sin ín, mi ò sí níbẹ̀. Mo gbé orí lé tábìlì láàárín àwọn ife, mo sì ké.

Earl ra wísíkì náà, púpọ̀. Nígbà tó yá, ó kọ káàdì sí i fúnra rẹ̀ láìbi mí: ó ní ó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará The Woodlands á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tó ṣe ni pé ó lọ fa fóònù láti orí káńtà dé iwájú mi, wáyà rẹ̀ gùn wọ́lẹ̀ láàárín páálí, ó ní, "Pe ìyá ẹ."

Ìpè náà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀. Bàbá oníkẹ́míìsì ránṣẹ́ pe ìyá mi. Mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀.

"Ta ni?"

Mo fa imú.

"Ta ni yẹn? Ṣé ìwọ ni?"

Mò ń sunkún, mò ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìyá mi ò ní kí n dákẹ́. Mo gbọ́ tó yíjú kúrò nídìí fóònù, tó pariwo.

"Ẹ wá o! Ẹ wá gbọ́! Bàbá oníkẹ́míìsì, ẹ bọ̀ wá, Káyọ̀dé, pe àwọn tó wà nílé! Àkọ́bí Bàbá ló ń sunkún!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba fóònù lọ́wọ́ ara wọn. Mo gbọ́ èémí ọkùnrin kan, mo gbọ́ "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Obìnrin kan tí mi ò dá ohùn rẹ̀ mọ̀ ké, Káyọ̀dé gbè é, ẹkún wá di ti gbogbo wa. Nígbà tó rọlẹ̀, ìyá mi gba fóònù padà. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó fúyẹ́.

"O ṣé, ọmọ mi. O ṣé é. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Mo gbọ́ òórùn tùràrí, mà."

"Níbo?"

Mo gbójú sókè. Páálí bíà dé òrùlé. Ìgò jíìnì tò lọ lórí pẹpẹ. Wísíkì wà níwájú mi, Earl sì di akẹtẹ̀ rẹ̀ mú láyà bí ẹni tó wà nídìí òkú.

"Níbi iṣẹ́, mà."

"Wọ́n ń sun tùràrí níbi iṣẹ́ yín?" Ìyá mi mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Bàbá rẹ ò sọ fún ọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé irú ibo ni ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, mà."

"Má kúrò níbẹ̀ o. Ilé Ọlọ́run nìyẹn."